Obìnrin Tó Jókòó Lásán

Nígbà tí orúnkún Sàfúrátù kò jẹ́ kó lè lọ sọ́jà mọ́, ọmọ rẹ̀ Àbídì ra àga kan fún un, èyí tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì kó sì na ẹsẹ̀ sí. Ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wọn ní Àpòmù, ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi."

Irú ni Sàfúrátù tà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ní Àpòmù àti ní Ìkirè, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Onírú ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ, ọ̀dọ̀ Àbídì tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá títì àti Soliat ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé. Wọn kò fi ìyà jẹ ẹ́. Soliat kì í jáde láàárọ̀ láìgbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un.

Àga náà dára. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni kò dára. Aládùúgbò wọn tó ń kọ́lé ti mọ fẹ́ǹsì rẹ̀ ga, bí èèyàn bá sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, búlọ́ọ̀kù nìkan ni yóò máa wò. Láàárọ̀, Àbídì á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé, Soliat á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Sàfúrátù á máa wo búlọ́ọ̀kù. Aláǹgbá á gun un lọ, á gun un bọ̀. Títí ilé á fi kún padà ní ìrọ̀lẹ́, kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni àyàfi tí ẹnì kan bá ń kọjá lẹ́yìn ilé.

Kò jìnnà sí ilé wọn ni gbàgede tuntun wà. Ilẹ̀ gbalasa ni tẹ́lẹ̀, tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀, kí àwọn ọmọ Àpòmù tó wà lẹ́yìn odi tó pawọ́ pọ̀ da kọnkéré sí i. Wọ́n fi ìjókòó onísìmẹ́ńtì yí igi máńgòrò méjèèjì tó wà níbẹ̀ ká, wọ́n sì gbé pátákó gàgàrà kan dúró tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: GBÀGEDE GBOGBO ARÁ ÀPÒMÙ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, tọmọdé tàgbà ló wá jó níbẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ọkùnrin nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣòfin bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì á wá ka ìwé ìròyìn, àwọn kan á máa ta lúdò, àwọn ọ̀dọ́ á kóra jọ sídìí fóònù kan láti wo bọ́ọ̀lù. Obìnrin ń gba ibẹ̀ kọjá o, pẹ̀lú ẹrù lórí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá àti dòdò Ìkirè ń dúró létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí obìnrin fìdí lélẹ̀ níbẹ̀, láìtà, láìrà, láìdúró de ẹnì kankan, ìyẹn ni ojú kò tíì rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Sàfúrátù ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sọ́wọ́, ó mú ọ̀pá, ó rọra rìn lọ síbẹ̀. Abẹ́ igi kejì ni ó jókòó sí, níbi tí èèyàn kò pọ̀ sí. Ó gbé ọ̀pá lé itan. Atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, ọ̀kan nínú wọn wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ọkùnrin kan gbé ìyàwó rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ìyàwó náà ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Sàfúrátù fojú tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi yí kọ́nà. Ó yà á lẹ́nu pé òun ń wo ojú èèyàn. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ta irú, ọwọ́ wọn ló máa ń wò: ọwọ́ tó ń tọ́ ọjà wò, ọwọ́ tó ń wá nǹkan nínú àpò.

Omidan kan tó ń ta omi ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé ọkọ̀ Gbọ̀ngán lẹ ń dúró dè? Kì í yà síbí."

"Mi ò dúró de ọkọ̀."

"Ta lẹ wá ń dúró dè?"

"Kò sí."

Omidan náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Àbí òyì ń kọ́ yín ni?"

"Ara mi le, ọmọ mi. Mo kàn jókòó ni."

Omidan náà gbé omi kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń ta lúdò fi tẹ Àbídì láago. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àbídì ti gun ọ̀kadà oníbàárà rẹ̀ kan dé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé?"

"Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀."

"Ṣé Soliat sọ nǹkan sí yín ni?"

"Soliat ò sí nílé. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Wọ́n pè mí pé ẹ jókòó síta."

"Mo jókòó síta lóòótọ́."

Àbídì wo àwọn ọkùnrin tó ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, àga wà nílé."

"Mo mọ̀."

"Àwọn èèyàn á máa rò pé a lé yín jáde ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Sàfúrátù. Ó jẹ́ kó gbé òun lọ sílé, ó sì lo ọjọ́ mélòó kan lórí àga rẹ̀ láìjáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ojú ọmọ èèyàn, búlọ́ọ̀kù á nira fún un láti wò. Lọ́jọ́ kan tí òòrùn rọlẹ̀, ó tún mú ọ̀pá rẹ̀. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú pé Soliat kò jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ rí ibi jókòó sí nínú ilé, pé ìta gbangba ni obìnrin àgbà náà ń wà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́.

Oníbàárà kan tó wá gba bùbá ló sọ fún Soliat lójúkojú. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, èyí tó burú ju kó fi ìbínú sọ ọ́ lọ. Soliat gbé aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gba gbàgede lọ tààrà. Nígbà tó débẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn ọkùnrin.

"Màmá, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí nínú yàrá. Ẹ nà mí pàápàá. Ẹ má fi mí han aráyé."

"Dìde, Soliat. Ta ló sọ pé o ṣẹ̀ mí?"

"Gbogbo ìlú ni."

"Èmi ńkọ́, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Dìde, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi."

"Iṣẹ́ wà nílẹ̀, Màmá. Aṣọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ wà nílẹ̀."

"Mo ní kí o jókòó. Ṣé màá pa ọ́ ni?"

Soliat jókòó sí etí ìjókòó náà bí ẹni tó ń dúró kí nọ́ọ̀sì pe òun. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wà. Ó gbé e sórí itan, ó gbé e kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òwú tó lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrùlé páánù ṣọ́ọ̀bù Soliat kò ga, ooru inú rẹ̀ sì máa ń mú orí fọ́ èèyàn. Níbí, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ewé máńgòrò wá sí ọrùn rẹ̀. Nígbà tí òwú tán lára ìró, ó fi ẹ̀yìn ti igi. Ó wo àwọn tó ń kọjá fún ìgbà díẹ̀. Kò mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ.

Orí rẹ̀ ṣubú lé èjìká Sàfúrátù. Sàfúrátù kò mira. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó fẹ́ na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá nà án, ọmọ náà á jí. Àwọn onílúdò ń wò wọ́n. Ó wo àwọn náà padà, kò sì gbé ojú kúrò, títí wọ́n fi padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí Soliat jí, ó sáré nu ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Màmá. Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Ta ni mo fẹ́ jí ọ fún?"

Soliat dìde. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá gbé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ dé, ohun tó máa ń sọ kò ju pé, "Ibẹ̀ tutù ni," á sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Olúgbémi, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbàgede náà. Ọmọlúàbí ni, kì í pariwo. Ó wá bá Sàfúrátù lọ́jọ́ kan, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó kí i dáadáa, ó béèrè orúnkún, ó béèrè àwọn ọmọ.

"Ìyá Onírú, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kì í dùn-ún sọ mọ́ bí ẹ bá wà níbí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ó ní bó ṣe máa ń rí."

"Èmi kì í gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ọ̀nà ni mò ń wò."

"Mo mọ̀. Ohun tí a rò ni pé, kí a fún yín ní ààyè kan ní ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀ yẹn. A ó bá yín fi agboòrùn síbẹ̀. Ẹ lè máa ta nǹkan díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, kí ara yín máa jí pépé. Kò sí ẹni tó máa bi yín ní nǹkan kan."

Sàfúrátù ronú sí i. "Bí mo bá ń tà, mo lè jókòó. Bí mi ò bá tà, mi ò gbọ́dọ̀ jókòó. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn?"

"Mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe sọ ọ́?"

Akíndèjì, tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, gbé ojú sókè nídìí lúdò. "Alága, ẹ jẹ́ kí obìnrin àgbà jókòó jẹ́ẹ́. Èébú nìkan ni wíwà wọn níbí kò jẹ́ ká máa sọ, èébú kò sì yẹ wá mọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olúgbémi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti Sàfúrátù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mi ò mọ ibi tó wà fún mi nínú ilé mi. Bí mo bá jókòó ní pálọ̀, wọ́n fẹ́ gbálẹ̀. Bí mo bá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fọṣọ. Ibí nìkan ló kù tí mo ti lè wà tí mi ò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Bí àwọn obìnrin bá tún wá síbí, níbo la fẹ́ lọ?"

Sàfúrátù kò retí èyí. Ó ti múra ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ mọ́. "Ògiri ni èmi náà ń wò nílé, Bàbá," ó ní. "Ẹ wò ó, ilé onílé ni wọ́n ti máa ń bi èèyàn léèrè ohun tó wá ṣe kó tó jókòó. Bí wọ́n bá ti lè bi mí léèrè níbí, á jẹ́ pé ilé ẹnì kan nibí náà. Ta ló wá ni ín?"

Olúgbémi yí ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ́wọ́ títí. Níkẹyìn ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ó dìde, ó padà sí abẹ́ igi àkọ́kọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni Adéfúnkẹ́ wá láti Ìkirè. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní ẹ̀gbẹ́ Sàfúrátù lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rẹ́ wọn sì wọra. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Aṣọ funfun rẹ̀ wà nínú àpò tó gbé lọ́wọ́, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ yà sí lẹ́yìn ibẹ̀.

"Wọ́n ní orí rẹ ti dàrú," ó sọ kó tó jókòó. "Mo ní kí n fojú ara mi rí i."

"O ti rí i báyìí. Ṣé ó dàrú?"

"Mi ò tíì mọ̀. Sún sí ibẹ̀ yẹn."

Wọ́n jọ jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú àti àwọn tó kù lọ́jà, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ Adéfúnkẹ́ tó ń dáko kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, Adéfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mi ẹsẹ̀.

"Kí ló wá kàn báyìí?"

"Kò sí ohun tó kàn. A jókòó."

"Kí lò ń rí?"

"Èèyàn."

"Ṣé ìwọ ò rí èèyàn rí ni? Ogójì ọdún lọ́jà."

"Mi ò rí wọn, Adéfúnkẹ́. Ọjà ni mò ń rí."

Adéfúnkẹ́ wo ọ̀nà náà, ó gbìyànjú gan-an, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dìde. "Mi ò lè ṣe é. Ọwọ́ mi ń yún mi. Bí mo bá jókòó tí mi ò ṣa ẹ̀wà, tí mi ò yan ẹja, á máa dà bíi pé mo jalè. Ó dáa, màá sọ fún wọn ní Ìkirè pé orí rẹ pé. Ìdí rẹ nìkan ló ya olóríkunkun." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Kò tún wá jókòó níbẹ̀ mọ́. Ilé ló máa ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò fẹ́ rọ̀, Sàfúrátù dé gbàgede, ó bá ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó níbi tí òun máa ń jókòó sí. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, ó fi àpò ìdọ̀họ kan ṣe ìrọ̀rí, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Kì í ṣe ará Àpòmù. Sàfúrátù lọ jókòó jìnnà sí i, ó fa àpò ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ra. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń retí kí ẹnì kan nínú àwọn ọkùnrin ṣe nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí Akíndèjì sì dìde lọ bá ọkùnrin náà, inú rẹ̀ dùn.

"Ọ̀gbẹ́ni," Akíndèjì ní, "ta lo wá rí níbí?"

Ọkùnrin náà ṣíjú. "Mi ò wá rí ẹnikẹ́ni, sà. Ó rẹ̀ mí ni."

Irú èsì tí Sàfúrátù fún omidan tó ń ta omi nìyẹn. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ láyà, ojú sì tì í débi pé kò lè wo apá ibi tí Olúgbémi wà, nítorí ó mọ̀ pé alága náà ń wo òun láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó gbé àpò náà sílẹ̀.

"Akíndèjì," ó ní, "jẹ́ kó sùn."

"Màmá, ẹ ò mọ ẹni tó jẹ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kó sùn."

Akíndèjì wo Olúgbémi. Olúgbémi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, Akíndèjì sì padà sídìí lúdò. Ọkùnrin náà sùn títí ọ̀wààrà òjò àkọ́kọ́ fi kan ilẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ìkirè lọ. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Gbogbo wọn sá lọ sábẹ́ páánù ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, Olúgbémi sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ Sàfúrátù.

"Ó rọrùn kí èèyàn béèrè ààyè fún ara rẹ̀ nìkan," ó ní.

"Òótọ́ ni," Sàfúrátù dáhùn. "Ẹ̀rù bà mí."

"Ó ba èmi náà."

Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó lórí ọ̀rọ̀ kankan. Oṣù kan kọjá, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àti èébú pẹ̀lú, nígbà mìíràn Sàfúrátù á sì ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Soliat máa ń wá bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, kì í pẹ́. Àbídì kò jẹ́ kí wọ́n pe òun mọ́. Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé ìyá òun mọ ọ̀nà ilé.

Lẹ́yìn náà ni Fọláṣẹwà, ìyàwó Olúgbémi, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Olúgbémi rí i láti òkèèrè, ó dìde kíákíá.

"Ṣé kò sí nǹkan o? Ta ló wà nílé?"

"Kò sí ẹnì kankan nílé. Gbogbo ilé ló dákẹ́." Ó kí àwọn ọkùnrin, ó kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó lọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ Sàfúrátù, wọ́n sì kí ara wọn.

Olúgbémi dúró láàárín igi méjèèjì. Bó bá lọ bá ìyàwó rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kò mọ obìnrin náà ni yóò rí. Akíndèjì ti ń rẹ́rìn-ín sínú ìrùngbọ̀n rẹ̀. Níkẹyìn Olúgbémi ya ìwé ìròyìn rẹ̀ sí méjì, ó rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó na ìdajì kan sí i.

"Bóyá ẹ fẹ́ kà á," ó ní. Kì í fi "ẹ" bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé.

Fọláṣẹwà gbà á, ó dúpẹ́. Kò mú awò ojú rẹ̀ dání. Ó ṣẹ́ ìwé náà po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń wo àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀.